Fóònù olówó gọbọi, kò ní ṣájà

Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Kí ló dé tí fóònù tí owó rẹ̀ tó ra ọ̀kadà kì í ní ṣájà nínú páálí mọ́? Mo gbọn páálí tèmi títí ní Kàbà, wáyà tín-ín-rín kan àti ìwé pélébé ló já bọ́. Apple yọ ọ́ kúrò nínú ti iPhone 12 ní 2020, Samsung tẹ̀lé e ní 2021, ó bá dàṣà. Wọ́n ní nítorí àyíká ni. Àyíká ta? Ṣájà tí mo padà lọ rà, ṣebí inú páálí lòun náà ti jáde!

N ò ní purọ́, kámẹ́rà rẹ̀ dáa. Mo ya màmá mi lálẹ́ nídìí ààrò, gbogbo ilà ojú wọn ló hàn kedere. Wọ́n ní mo sọ àwọn di arúgbó.

Ṣùgbọ́n bátìrì ńkọ́? Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti dákú. Bí oòrùn bá sì mú un, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ara rẹ̀ á gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Iná ìjọba kọ́ ni màá gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà, ó di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì.

"Okun o, bọ̀ọ̀dá. Ṣebí ẹ wá láàárọ̀?"

Oníṣọ́ọ̀bù ló kí mi bẹ́ẹ̀. Fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ó ní láti ọjọ́ Àìkú lòun ti ṣájì ẹ̀. Ọjọ́rú la wà.