Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì: ilà ojú Màmá

Ẹ kú àárọ̀ mà. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò yìí ni mo ń kọ èyí, kì í ṣe àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì lórí ayélujára, ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ gbé fọ́tò Màmá yín ti 1984 wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kí a tún un ṣe fún ayẹyẹ 80 ọdún wọn. Ẹ ní nígbà tí ẹ gbé e dé Oǹdó, Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ ta rèé?" Ilà ojú wọn ti pòórá. Ẹ tún bèèrè ẹni tó fún wa láṣẹ láti fi ojú ìyá yín kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́, pé bóyá a tiẹ̀ ti tà á.

A ò tà á mà. Àwọn tó kù, òótọ́ ni.

Omi ti wọ igun fọ́tò yẹn, ó sì ti ṣá. Tí èèyàn bá fẹ́ fọwọ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, á tó wákàtí mẹ́ta. Ọmọ iṣẹ́ mi ń kánjú, ló bá gbé e sórí áàpù AI kan (ẹ̀rọ tó ń dá fọ́tò tún ṣe fúnra rẹ̀) lórí fóònù rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó parí. Áàpù yẹn nu àbàwọ́n omi, ó nu ilà méjèèjì mọ́ ọn, ó wá fún Màmá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ogún ọdún. Mo gbé fọ́tò méjèèjì síra lánàá. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn tó jẹ́ mọ́kànlá ti di mẹ́sàn-án.

Ti kíkọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́: àyè kan wà nínú Settings áàpù náà tó gba àwọn tó ni ín láyè láti máa fi fọ́tò tí èèyàn bá gbé síbẹ̀ kọ́ AI wọn. Títan ni wọ́n máa ń tan án sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ni yóò wá a kàn, tí yóò pa á. A ò wá a. Mo ti pa á báyìí, mo sì ti yọ fọ́tò náà kúrò nínú àkáǹtì wa. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín: iwájú nìkan ni pípa yẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti fi kọ́ṣẹ́ kì í ṣe fáìlì tí èmi lè fà yọ láti Àkúrẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní ẹ ò ṣáà sọ pé ẹ ò fẹ́. Mo ní kó dákẹ́. Nigeria Data Protection Act ti 2023, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn, ti sọ ọ́ gbangba pé dídákẹ́ èèyàn kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Láti ọ̀sẹ̀ yìí, a ó máa bèèrè kí a tó kọ rìsíìtì. Ẹni tí kò bá sọ nǹkan kan, ọwọ́ la ó fi ṣe tirẹ̀, á sì pẹ́ díẹ̀. (Àwọn kan ń wá o, tí wọ́n fẹ́ kí AI yọ ikùn wọn kó sì gbé wọn dúró sí Dubai. Ìyẹn dọwọ́ wọn.) Fún àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a ti tan Advanced Chat Privacy. Ẹ tẹ orúkọ wa lókè, ẹ ó rí i. Kì í jẹ́ kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wa jáde tàbí kí wọ́n lò ó fún AI. Àmọ́ kò lè dá ọmọ iṣẹ́ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fọ́tò sórí áàpù míì dúró. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ ṣe ìyẹn. Ẹni tó bá sì ń lo ChatGPT, AI tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀, fúnra rẹ̀, kó wọ Settings, kó lọ sí Data Controls, kó pa "Improve the model for everyone", ìyẹn àyè tó ń jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ AI wọn.

₦6,000 yín ti padà sínú àkáǹtì yín. Mo ti fọwọ́ ara mi tún fọ́tò náà ṣe, tìlàtìlà, ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kànlá pé. Lọ́jọ́ Sátidé ni màá gbé e wá sí Oǹdó pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ nínú àpò ìwé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìràwọ̀ méjì yẹn wà bẹ́ẹ̀ títí Màmá yóò fi rí i. Tí wọ́n bá tún bèèrè pé ọmọ ta ni, ẹ yọ ọ̀kan kúrò.