Èsì wa sí àlejò tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì: ìṣẹ́jú 17 tó di 45 ní London

Ọ̀gá wa, ẹ kú ìrìn o, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. A rí ohun tí ẹ kọ lẹ́yìn tí ẹ̀yin àti Màmá sun alẹ́ méje nínú ilé àlejò wa ní Ealing, lápá ìwọ̀ oòrùn London. Mi ò fẹ́ fún yín ní "ẹ ṣeun, a ti gbọ́" tí gbogbo ilé àlejò máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ forí jì mí.

Fún ẹni tí kò tíì ka tiyín: ẹ ní yàrá mọ́, ibùsùn sì dára, ṣùgbọ́n a tàn yín jẹ pé ìṣẹ́jú 17 ni láti ọ̀dọ̀ wa sí àárín ìlú, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ọjọ́ kan tí ẹ lò dín ní 45. Ẹ ní tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, àdúgbò a pa lọ́lọ́. Ẹ ní orúnkún Màmá rí màbo. Ẹ wá fi kún un pé ọ̀rẹ́ yín sọ pé Soho, láàárín ìlú, ló yẹ kí ẹ dé sí, pé ẹni tó bá mọ London kò ní fi àlejò sí Ealing.

Ti ìṣẹ́jú 17 yẹn, ẹ jàre wa. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line tó bá gbéra ní Ealing Broadway, ibùdókọ̀ àdúgbò wa, kì í ju bí ìṣẹ́jú 17 lọ kó tó dé Tottenham Court Road láàárín ìlú. Òun la kọ síta, a sì rò pé a ò purọ́. Ṣùgbọ́n inú ibùdókọ̀ kọ́ lẹ sùn. Lẹ́yìn tí a ka ọ̀rọ̀ yín, ìyàwó mi wo aago, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rìn lọ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 14 ló lò, torí pé ìsàlẹ̀ ló ń sọ̀ lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó ra nǹkan díẹ̀, ó gbé báàgì méjì dání, òkè ló sì kù tó máa gùn. Ó di 19. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi le. Ẹ wá fi Màmá tó ti lé ní 70, tó ń fi ọ̀pá rìn, sí ipò rẹ̀. Mo gbà pé yóò lo 25 kó tó débẹ̀, ẹ dúró de ọkọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí 17 tiwa yẹn tó bẹ̀rẹ̀. 45 tí ẹ kọ yẹn, ẹ tún ṣàánú wa ni.

A ti pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni iye ìṣẹ́jú láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé Tottenham Court Road, fún ẹni tó ń rìn kánkán àti fún ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan tìtorí ẹ̀ má gba yàrá lọ́wọ́ wa mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a fi ní kí ẹ wá sí Ealing, kí ẹ má baà rò pé a kàn wá ẹni tí a máa kó sínú yàrá òfìfo ni. Ẹ sọ fún wa pé alẹ́ lẹ máa bà sí Heathrow, àpótí mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì máa lọ sí ìlú Reading ní ọjọ́ méjì nítorí ayẹyẹ ìgboyè ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Láti Heathrow, Elizabeth line ń dé Ealing Broadway ní bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ ò ní pààrọ̀ ọkọ̀, ẹ ò sì ní gbé àpótí gun àtẹ̀gùn. Ọ̀nà yẹn ní ibùdókọ̀ 41, gbogbo wọn ló sì ní lífítì tàbí ọ̀nà pẹrẹsẹ láti ìta dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró. Àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀; púpọ̀ nínú ibùdókọ̀ wọn, àtẹ̀gùn ni ẹ ó bá níbẹ̀, ẹ ó sì bá a yí. Ọ̀nà kan náà yìí ló tún lọ sí Reading. Ìṣírò tí mo ṣe nìyẹn, inú mi sì dùn sí i.

Ibi tí ìṣírò náà ti wọ́ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ fún yín, àdúgbò ibùdókọ̀ Paddington ni ì bá tọ́ka sí. Ọkọ̀ tó ń yára láti Paddington ń dé Reading ní bí ìṣẹ́jú 25. Láti ọ̀dọ̀ wa, Elizabeth line tó ń dúró níbi gbogbo ń lo bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Elizabeth line yìí kan náà ló ń gbé èèyàn láti Heathrow dé Paddington, ẹni tí owó ò sì jẹ́ ìṣòro fún lè wọ Heathrow Express, ìṣẹ́jú 15 péré. Hyde Park ò jìnnà síbẹ̀, Màmá ì bá rí ibi tó tẹ́jú jókòó sí lọ́sàn-án. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Kí ló dé tí mi ò fi sọ ọ́? A ò ní ilé ní Paddington ni. Ilé mẹ́ta la ní, méjì ní Ealing, ọ̀kan ní Woolwich, láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì ti wá ibi tó bá yín mu. Ẹ bi mí léèrè pé ibo ló dáa kí ẹ dé sí ní London. Mo dáhùn bí ẹni pé ẹ ní ibo ló dáa nínú tiwa. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ò mẹ́nu kàn án.

Ti Soho, èmi àti ọ̀rẹ́ yín kò ní rẹ́ lórí ẹ̀. Ẹni ọdún 25 tó fẹ́ wo eré, kó jẹun alẹ́ ní aago mọ́kànlá, kó tún jó, Soho ni mo máa ní kó lọ kíákíá. Ṣùgbọ́n Màmá yín ńkọ́? Ní alẹ́ Jímọ́ọ̀, àwọn tó ń mutí á kún ojú pópó pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n bá lọ tán ni ọkọ̀ tó ń kó ìgò òfìfo yóò dé, ariwo ìgò tó ń wó sínú ọkọ̀ yẹn, olúwarẹ̀ ò lè sùn gbé e. Ilé àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, àtẹ̀gùn wọn tóóró, ọ̀pọ̀ ò ní lífítì, yàrá a sì há débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣí àpótí lórí ibùsùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni "àárín ìlú" tí gbogbo wa ń pè yìí, kì í ṣe ojú kan ní London. Ẹ ní ẹ lọ sí British Museum, ẹ lọ wo Tower of London, ẹ sì gbé Màmá lọ wo egungun ẹja àbùùbùtán ní Natural History Museum. Ọ̀kan wà ní Bloomsbury, ọ̀kan wà létí odò lápá ìlà oòrùn, ẹ̀kẹta wà ní South Kensington. Ẹni tó sùn ní Soho pàápàá yóò wọ ọkọ̀. Mo tilẹ̀ mọ àlejò kan tó rí "City of London" lórí máàpù, tó ní ibi tó ń jẹ́ ìlú gan-an lòun máa gbé. Àdúgbò báńkì ni. Ó dé ní ọjọ́ Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé wọn, ó sì ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíì kiri.

Ọ̀rọ̀ Covent Garden, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Leicester Square, ẹ sọ̀ ní Covent Garden, èrò tò gùn níwájú lífítì, ẹ ní kí ẹ kúkú gba àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn 193 ló wà níbẹ̀! Ẹ ní àárín méjì ni Màmá ti jókòó sílẹ̀. Ohun tó ń dunni ni pé láti Leicester Square sí Covent Garden kò ju bí 260 mítà lọ. Kò sí ibùdókọ̀ méjì tó tún sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ London. Kò hàn lórí máàpù rárá. Máàpù yẹn, irú èyí tí Harry Beck yà tó jáde ní 1933, kì í sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bí ọ̀nà ṣe so pọ̀ nìkan ló ń sọ. A lẹ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá yín, a ò sì ṣàlàyé kankan. Ní báyìí, máàpù ìrìn ẹsẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a sì fi bírò pupa yí Covent Garden ká.

Bọ́ọ̀sì ì bá sì ti tu Màmá lára. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń ná London lójoojúmọ́ ni ilẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ní pákó tí wọ́n ń nà síta fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Èyí tó ń gba ìsàlẹ̀ òpópónà wa ń lọ tààrà sí Ealing Broadway. Awakọ̀ tí ẹ ní ó lé yín sọ̀ torí pé owó bébà lẹ nà sí i kò ṣe é ní ìkà. Láti 2014 ni wọn ò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́, káàdì ni, tàbí fóònù. Ó yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu tiẹ̀.

Pé àdúgbò dákẹ́ lálẹ́, èyí ni mi ò ní tọrọ àforíjì fún. Nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn làwọn ẹlòmíràn ṣe ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ ní ní ọjọ́ Sátidé, ẹ fi àsè àwọn ẹbí sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ẹ ń sáré wálé kí ọkọ̀ má baà tán. Kò ní tán. Ní alẹ́ Jímọ́ọ̀ àti Sátidé, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Central line ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó sì ń dé Ealing Broadway. Ẹ ì bá jókòó jẹun tán.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò kọ, tí mo mọ̀ pé ó máa jẹ owó yín. Wọ́n pín London sí Zone nítorí owó ọkọ̀, Zone 1 ni àárín ìlú; Zone 3 ni Ealing Broadway. Yàrá wa rọjú ju ti àárín ìlú lọ, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ tiwa ga ju ti ẹni tó wà ní Zone 1 tàbí 2, pàápàá tí ẹ bá ń jáde kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ tó kọjá láàárín ọ̀sẹ̀. Fún èèyàn méjì, ọjọ́ méje, díẹ̀ nínú ohun tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lọ́wọ́ wa ti bá ọkọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń wá àdúgbò tí yóò dé sí, kó ro méjèèjì pọ̀.

A ti dá owó alẹ́ méjì padà sínú káàdì tí ẹ fi sanwó. Kì í ṣe kí ẹ lè fi ìràwọ̀ kún un. Ẹ fi méjì yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Láti ìsinsìnyí, kí a tó gba owó ẹnikẹ́ni, a ó bi í pé ta ló ń bọ̀, báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, ibo ló fẹ́ lọ lójoojúmọ́, aago mélòó ló sì fẹ́ wọlé. Tí ìdáhùn ẹ̀ kò bá bá ilé wa mu, a ó sọ fún un.

Màmá gbàgbé ìborùn aláwọ̀ àyìnrín kan sẹ́yìn àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ìyàwó mi ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ wa, ẹ má kọ ọ́ sí gbangba níbí, a ó sì fi í ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.