Èsì wa sí oníbàárà tó fún kíbọ́ọ̀dù IBM Model M ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ sì kú sùúrù. Mo ka ohun tí ẹ kọ lánàá lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó fèsì. Ẹ ní kíbọ́ọ̀dù tí ẹ rà lọ́wọ́ wa kú nígbà tó dé Ìbàdàn. Ẹ ní nígbà tó wá jí lẹ́yìn tí ẹ pè wá, ohun tó ń tẹ̀ jáde kì í ṣe Yorùbá: ẹ tẹ ọ, ó gbé 1ecd síta. Ẹ ní ariwo rẹ̀ náà tún pọ̀. Nínú ẹ̀sùn mẹ́ta yìí, méjì àkọ́kọ́, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkú tí ẹ ló kú. Inú ẹrù tòkunbọ̀ tó wá láti Ìlú Ọba ni mo ti rí kíbọ́ọ̀dù yín. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé ọdún 1989 ni wọ́n ṣe é. Orí wáyà rẹ̀ róbótó, irin tín-ín-rín mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. PS/2 là ń pè é. Ọdún 1987 ni IBM gbé e jáde pẹ̀lú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. USB tó wà lára láàpútọ́ọ̀pù yín kò dé títí di 1996. Kíbọ́ọ̀dù tó ti wà láyé fún ọdún méje kí wọ́n tó bí USB, báwo ni yóò ṣe gbọ́ èdè rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe àpótí dúdú kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí mo so mọ́ wáyà náà. Chip kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ ATmega32U4. Wáyà mẹ́rin péré ni mo yọ́ òjé sí lára rẹ̀: èyí tó ń gbé iná wọlé, èyí tó ń dá a padà, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀, àti èyí tó ń ka ìlù fún ọ̀rọ̀ náà. Ògbufọ̀ ni chip yẹn. Ó ń gbọ́ ohun tí kíbọ́ọ̀dù ń sọ, ó sì ń tú u sí èdè USB fún láàpútọ́ọ̀pù.

N kò lẹ ìwé kankan mọ́ àpótí yẹn, n kò sì dárúkọ rẹ̀ fún yín lórí fóònù nígbà tí ẹ rà á. Ẹ rí i, ẹ rò pé àlòkù kan ló lẹ̀ mọ́ ẹrù, ẹ yọ ọ́, ẹ sì lọ ra orí aláwọ̀ àlùkò yẹn, tí wọ́n fi ń ki PS/2 bọ ihò USB, lọ́jà. Kò sẹ́ni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orí aláwọ̀ àlùkò kò ní ọpọlọ nínú. Irin ló kàn so mọ́ irin. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí USB ti dé, tó gbọ́ èdè méjèèjì, nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ẹ pè wá, tí ẹ dá àpótí náà padà sí i, ló tó jí.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ ní iná mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tún tàn mọ́. Kíbọ́ọ̀dù tó kú kì í ṣẹ́jú, mà. Ó rí iná jẹ, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ara rẹ̀ sì le. Ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ni kò rí.

Ti 1ecd ló dùn mí jù, torí òun gan-an lẹ torí ẹ̀ ra ẹrù náà. Ẹ ti sọ fún mi pé olùkọ́ Yorùbá ni yín, pé ó ti sú yín láti máa fi bírò fa àmì sórí ìwé tí ẹ ti tẹ̀ tán. Mo ṣèlérí pé tí ẹ bá di Caps Lock mú, tí ẹ tẹ o, ọ ni yóò jáde. E á di ẹ, s á di ṣ. Ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì mi. Ṣùgbọ́n ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tiwa yàtọ̀: Linux ni mò ń lò, Windows lẹ̀ ń lò, n kò sì béèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Kíbọ́ọ̀dù kò mọ lẹ́tà rárá. Nọ́ńbà bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu lẹ́tà tí yóò hàn, kò sì sí nọ́ńbà kankan fún ọ nínú wọn. Ọgbọ́n tí mo dá sínú chip ni pé kó yára tẹ Ctrl, Shift àti U pọ̀, kó wá tẹ nọ́ńbà tí ọ ń jẹ́ nínú Unicode (àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè), ìyẹn 1ecd, kó sì fi àyè kan tì í. Linux mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Windows kò mọ̀ ọ́n, ó sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Mo fojú inú wo ìwé tí ẹ fẹ́ pín fún àwọn ọmọ, tí "ọmọ" di "1ecd m1ecd" lórí rẹ̀, ara mi kò lélẹ̀.

Èyí tí ẹ ti tẹ̀ sínú Word, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ gbé àmì ìtẹ̀wé, ìlà tó ń ṣẹ́jú yẹn, sí ẹ̀yìn 1ecd pẹ́kípẹ́kí, ẹ tẹ Alt àti X pọ̀, á di ọ. Ẹ kàn ṣọ́ra níbi tí èyíkéyìí nínú lẹ́tà a títí dé f bá ṣáájú rẹ̀, bíi nínú "ẹbọ": Word á ka b yẹn mọ́ nọ́ńbà. Ẹ fi àyè sáàárín wọn ná, ẹ lè yọ ọ́ tó bá yá.

Mo ti tún ètò inú chip tuntun kan ṣe lálẹ́ àná. QMK ni ètò náà, ọ̀fẹ́ ni. Ó nílò WinCompose, ètò kékeré tó ń bá Windows kọ irú lẹ́tà yìí, lórí Windows yín, ọ̀fẹ́ lòun náà, ọmọ iṣẹ́ mi á sì pè yín kí ẹ jọ fi sí i. Ní ti ohùn, Caps Lock pẹ̀lú f ni àmì ìsàlẹ̀, pẹ̀lú j ni àmì òkè, torí ibẹ̀ ni ìka ìfábẹ̀lá yín ń sinmi lé. Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí àmì tó tẹ̀ lé e: ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ẹ àti àmì ni wọ́n ń pàdé lójú ìwé. Mo tún sọ Ctrl apá ọ̀tún di bọ́tìnnì Windows, torí kò tíì sí irú rẹ̀ ní 1989. Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí Windows àbúrò mi, mo tẹ "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ" tàmì-tàmì, kò ku ẹyọ kan.

Ní ti ariwo, n kò ní parọ́ fún yín, kò ṣeé pa. Sípíríǹgì ló wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ibì kan, á tẹ̀ kọrọdọ lójijì, ìró tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn, ìgbà yẹn náà sì ni lẹ́tà ń wọlé. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo ṣí inú kíbọ́ọ̀dù yín, ike kéékèèké mọ́kànlá tó di inú rẹ̀ mú ló ti kán, mo lu ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi bóòtù rọ́pò wọn. Mo fọ gbogbo orí bọ́tìnnì, mo sá wọn fún ọjọ́ méjì. Síbẹ̀, tí ìró náà kò bá jẹ́ kí ará ilé sùn, ẹ dá a padà, owó yín á pé lọ́wọ́ yín.

Àpótí tuntun á kúrò ní Ìkẹjà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀. Mo ti lẹ ìwé mọ́ ọn lára báyìí: "Ẹ MÁ YỌ Ọ́". Tí ẹ bá fẹ́ fi pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fa USB kúrò lára láàpútọ́ọ̀pù kí ẹ tó fọwọ́ kan orí róbótó yẹn, torí PS/2 kò fẹ́ kí wọ́n máa fa òun yọ nígbà tí iná bá wà lára òun.