Ṣé afárá máa ń rìn ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ RTK mi, ẹ̀rọ tí àwa wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀ fi ń gba àmì sátẹ́láìtì láti mọ ojú ibi tí nǹkan wà gẹ́lẹ́, lọ sórí afárá kékeré kan tó gba orí Odò Àlà kọjá níbí ní Àkúrẹ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́, kò sì sówó kankan níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ wò ó ni. Mi ò tíì to ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán tí ìyá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ wá wó o?"

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí fún wa. Bí wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀ bá ti yọ lójú títì, katakata ló kù tí aráàlú ń retí. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Mi ò wá wọn ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Afárá ni mo wá wọ̀n."

Ó wò mí títí. "Afárá kẹ̀? Ṣé ó ń rìn lọ síbì kan ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí ní ìbéèrè tó dára tó ìyẹn. Ó ń rìn, mà. Gbogbo afárá ló ń rìn. Bí oòrùn bá mú, kọnkéré àti irin á nà. Afárá tó gùn ní mítà 100, tí ooru ara rẹ̀ bá fi 10°C lé sí i, á gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àlàfo sílẹ̀ lójú ọ̀nà orí afárá, àwọn ibi tí táyà ọkọ̀ ti máa ń dún gbà-gbà lábẹ́ wa. Àwọn afárá tí wọ́n so rọ̀ sórí wáyà, irú Tsing Ma ní Hong Kong, tí àárín òpó rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mítà 1,377, afẹ́fẹ́ gan-an máa ń tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Kò séwu nínú ìyẹn. Ewu wà níbi tí afárá bá ti lọ tí kò padà, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí kò ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ kan mọ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó tó di pé mẹkáníìkì dé ló ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ohun tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì ṣe lórí àwọn afárá ńlá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí, GPS ti Amẹ́ríkà, GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù àti BeiDou ti Ṣáínà, òkè réré ni wọ́n wà. Àwọn ti GPS jìnnà sí ilẹ̀ tó kìlómítà 20,200. Àmì tiwọn náà ni fóònù yín ń gbà, àmọ́ fóònù lè ṣì í ní mítà mélòó kan, òun ló ṣe ń gbé ọlọ́kadà lọ sẹ́nu géètì aládùúgbò yín. Tiwa yàtọ̀. Ẹ̀rọ méjì là ń lò: ọ̀kan dúró gbọn-in sórí ilẹ̀ tó le, tí a ti mọ ojú ibi tó wà, èkejì wà lórí ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Ojú ọ̀run kan náà làwọn méjèèjì ń wò, àṣìṣe tó bá ọ̀kan ló bá èkejì. A ó yọ àṣìṣe yẹn kúrò, ohun tó bá kù kì í ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ.

Ẹ̀rọ yìí kan náà la fi ń gé pulọ́ọ̀tì ní Ọ̀bá-Ilé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ní Àkúrẹ́ tí yunifásítì FUTA wà, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, kí ni gbogbo wa ń fi ẹ̀rọ yìí ṣe? Ìwé sọ́fè, ẹjọ́ ààlà, ìjà ọmọ bàbá kan náà. Èmi náà ò yọ ara mi sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ta ló wá ń wọn afárá? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba orí Third Mainland kọjá ní Èkó. Kìlómítà 11.8 ni, ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tì í pa kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbà pé àwọn àyẹ̀wò kan wà tí ẹ kò lè ṣe láì dá ọkọ̀ dúró. Àmọ́ bí ẹ̀rọ tó ń wo sátẹ́láìtì bá wà lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ọkọ̀ á máa lọ, nọ́ńbà á máa wọlé.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ ohun tí mo rí lórí Àlà: mi ò rí nǹkan kan. Wákàtí méjì! Afárá kúkúrú tó le, bí tírélà bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mílímítà ni, àṣìṣe ẹ̀rọ mi sì ju ìyẹn lọ. Ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá tún ń da àmì sátẹ́láìtì rú. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó burú sí i, torí pé apá ibi tí a wà láyé yìí, òkè òfuurufú wa máa ń ru gùdù lẹ́yìn àṣálẹ́, ẹ̀rọ á wá sọ àmì sátẹ́láìtì tó dì mú nù. (Ẹni tó bá ti wọn oko kòkó rí mọ èyí tó burú jùyẹn, ewé orí ò ní jẹ́ kó rí ọ̀run rárá.)

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ yìí fún ìjọba bí oògùn gbogboǹṣe, ẹ má dá a lóhùn. Afárá Morandi ní Genoa, ní Ítálì, tó wó lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2018, tó pa èèyàn 43, inú kọnkéré tó bo wáyà rẹ̀ ni ìpatà ti ń jẹ ẹ́. Mi ò lè búra pé ẹ̀rọ mi ì bá rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè rí i bí odò bá ń gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ìdí òpó lọ. Èèyàn ló máa wọ omi lọ wò ó.

Ohun tí mo ń fẹ́ fún ìpínlẹ̀ wa kò tóbi. Lórí àwọn afárá tó tóbi díẹ̀, bí irú ti òkè títì tí ìjọba olóògbé Akérédolú kọ́ sí Ore, ẹ kan ìṣó àmì síbẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ síbi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ti rí i. Títọ́jú yẹn gan-an ló ń já mi láyà. A mọ bí a ṣe ń gé ríbọ́ọ̀nù nídìí ẹ̀rọ tuntun, bátìrì rẹ̀ á kú, kò ní sẹ́ni tó máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan tó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bí ojú ibi kan ṣe ga sí, dání lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ẹ̀rọ olówó gọbọi tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Mo ṣì máa padà sórí Àlà lẹ́yìn òjò, lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni mo máa gbé lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti sọ fún ìyá oníbọ̀ọ̀lì pé bí wọ́n bá rí mi, kí wọ́n má palẹ̀ ọjà mọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn á ṣì palẹ̀ ẹ̀ mọ́ ná.