Òfin kò ka gbogbo ìbọn léèwọ̀ fún àgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé òfin Nàìjíríà kò gba àgbẹ̀ láyè láti ní ìbọn kankan, kódà bí àwọn olè tó dira ogun bá ń wú iṣu rẹ̀ lójú rẹ̀. Ìbínú tó bí ọ̀rọ̀ náà yé mi, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́ ni èèwọ̀. Àwọn ìbọn ọdẹ kan ṣeé ní pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà ní abala tirẹ̀, òun náà sì ń fẹ́ ìwé, ì báà jẹ́ pé bàbá ẹni ló fi í sílẹ̀. Ẹ wo abala 3 sí 5 àti àtẹ tó wà lẹ́yìn òfin náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: ìwé àṣẹ láti ní ìbọn kì í ṣe àṣẹ láti yìn ín lu ènìyàn. Abala 286 nínú Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù, gbà kí ẹni tí wọ́n kọlù gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè lo agbára tó lè pànìyàn, ẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdí tó yè kooro. Olè tó dojú ìbọn kọ yín yàtọ̀ sí èyí tó ti gbé iṣu sórí tó ń sá lọ.