Ọmọdé Kò Lè Dìde Kó Máa Lọ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, ní ìlú Evergreen ní ìpínlẹ̀ Colorado, l'Amẹ́ríkà, wọ́n fi aṣọ wé ọmọbìnrin ọlọ́dún 10 kan, Candace Newmaker, látorí dé ẹsẹ̀. Wọ́n to ìrọ̀rí lé e, àgbàlagbà mẹ́rin sì fara tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ìtọ́jú ni, kó lè jà jáde bí ọmọ tuntun, kó sì fẹ́ràn ìyá tó gbà á tọ́. Ọmọ ń ké pé òun ò lè mí. Wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín pé ọ̀lẹ ni. Ó tó 70 ìṣẹ́jú kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ló kú. Ní 2001, àwọn obìnrin méjì tó darí ẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n ọdún 16 ẹnì kọ̀ọ̀kan, Colorado sì fòfin de irú ìtọ́jú náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Atọ̀ọ́lé, ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì fọhùn, mélòó nínú wọn ni wọn ò tíì nà lórí òkè àdúrà rí? Ní báyìí, ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí WhatsApp náà ti ń tọ́jú ọpọlọ ọmọ ọlọ́mọ.

A ò ní kí òbí má wá ìtọ́jú o. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ wà ní UCH n'Ìbàdàn àti ní Arò, bí wọn ò tiẹ̀ pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú ò bá bá àgbàlagbà lára mu, yóò gbé báàgì ẹ̀, ó di ilé. Ọmọdé ńkọ́? Wọ́n fà á lọ́wọ́ wá ni, owó kì í ṣe tiẹ̀, ẹnu òbí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Wọ́n bi ọmọ léèrè, ìyá dáhùn. Wọ́n tún bi í, ìyá tún dáhùn. Pẹ́ńsù ọmọ ń yí lójú kan náà lórí bébà, títí bébà fi ya.

Ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ó kù sọ́wọ́ àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa: ẹni tó bá máa gbowó tọ́jú ọpọlọ ọmọdé, kí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò.

Kó tó dìgbà náà, ìbéèrè méjì ni kí òbí bi wọ́n. Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Bí ọmọ bá ní òun ò ṣe mọ́, kí lẹ máa ṣe? Ẹni tó bá fajú ro sí èkejì, ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, kẹ́ ẹ máa lọ.