Marilyn Manson kọ́ ló dá gothic rock sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní Marilyn Manson, olórin rọ́ọ̀kì ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá gothic rock (ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì tó ṣókùnkùn) sílẹ̀, tí ẹ tún ní orin ìbọ Sátánì ni, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1989 ni ẹgbẹ́ Manson bẹ̀rẹ̀ ní Florida. Bauhaus, ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ Northampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé "Bela Lugosi's Dead" jáde láti 1979, orin gothic rock tó lé ní ìṣẹ́jú 9! Ta ni Lugosi? Òṣèré ọmọ Hungary tó ṣe Dracula, òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀, nínú fíìmù, tó kú ní 1956. Òkú òṣèré ni wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀, wọn ò bọ nǹkan kan. Ìfẹ́ tó dàrú, ọ̀fọ̀ àti ìdánìkanwà ló kún inú orin wọn. Aṣọ dúdú tí àwọn olórin gothic ń wọ̀ yẹn ló ń tàn yín jẹ. Manson fúnra rẹ̀, metal (rọ́ọ̀kì líle aláriwo) àti industrial (orin tó ń lo ariwo bíi ti ẹ̀rọ) ló sún mọ́ jù.